Lẹ́tà sí àwọn òbí àti alágbàtọ́: ọ̀rọ̀ ìwádìí àwọn ọmọ SS2

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ kú ìnáwó. Ọ̀rọ̀ owó kọ́ ni mo bá wá o, bọ́sà ti fi ìyẹn ránṣẹ́ sí yín, ọ̀rọ̀ ìwádìí àwọn ọmọ SS2 ni.

A pín wọn sí gúrúùpù, ọmọ 5 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 10 péré ni gúrúùpù kan ní láti sọ ohun tí wọ́n rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá la ṣe ìdánrawò, àwọn tó ń ṣe ìwádìí gàrí ló kọ́kọ́ jáde. Wọ́n ti lọ bá àwọn ìyá tó ń yan gàrí, wọ́n bi wọ́n pé kí ló dé tí ẹ̀gẹ́ fi gbọ́dọ̀ pẹ́ nínú àpò kó tó dé agbada, wọ́n sì wá a nínú ìwé: tí wọ́n bá ti rin ẹ̀gẹ́, májèlé kan tó ń jẹ́ sáyánáìdì máa ń jáde, bó ṣe ń kan tí wọ́n sì ń fún omi rẹ̀ dànù ni májèlé yẹn ń dín kù, iná agbada á tún lé púpọ̀ nínú ìyókù lọ. Ibẹ̀ náà ni kíkan gàrí Ìjẹ̀bú ti wá, wọ́n máa ń jẹ́ kó pẹ́ dáadáa.

Ṣùgbọ́n ẹni àkọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú 7 sọ bí àwọn Potogí ṣe gbé ẹ̀gẹ́ wá láti Brazil, ó kọjú sí bọ́ọ̀dù, ó ń kà á bí ẹni ń ka ìròyìn. Ọmọbìnrin tó lọ sọ́jà gan-an mú láílọ́ọ̀nù gàrí méjì dání, ọlọ́jọ́ kan àti ọlọ́jọ́ mẹ́ta, ká lè gbóòórùn wọn. "Ẹ káàsán" ló ráyè sọ tí aago lù. Àánú ẹ ṣe mí jàre.

A ti ní kí wọ́n gé e kúrú, kí wọ́n ti ìbéèrè tí wọ́n bi àwọn ìyá yẹn bẹ̀rẹ̀, kí kálukú sì mọ apá ẹnì kejì torí àìsàn ò ṣeé mọ̀. Wọ́n á ya àwòrán wọn sí kádíbọ́ọ̀dù, ẹ̀yin náà mọ NEPA.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn ṣe é o! Ní tẹ́ẹ̀mù tó kọjá òbí kan sanwó fún ẹni tó bá ọmọ ẹ̀ kọ gbogbo ẹ̀, ó dán gbinrin, a bi ọmọ ní ìbéèrè kan ṣoṣo, ó bú sẹ́kún. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni pé kẹ́ ẹ mú un dúró ní pálọ̀, ẹ ṣí aago fóònù yín sí ìṣẹ́jú 2, ẹ gbọ́ tiẹ̀, kẹ́ ẹ wá bi í ní ìbéèrè. Tó bá ní òun ò tíì mọ̀ ọ́n, òun á lọ wò ó, ẹ má bínú, àwa la kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹwàá ni wọ́n máa sọ ọ́, aago 10 àárọ̀, ní họ́ọ̀lù wa. Gúrúùpù gàrí ló máa ṣáájú, ọmọ oníláílọ́ọ̀nù yẹn ló sì máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá ilé ìwé