Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa láyè ká máa ta púpurú l'Àkúrẹ́

Sí Alága ìjọba ìbílẹ̀ wa àti gbogbo àwọn káńsẹ́lọ̀,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, ẹ̀yin àgbà wa. Àwa ẹgbẹ́ olóúnjẹ inú Àkúrẹ́ la kọ ìwé yìí, àwa tẹ́ ẹ máa ń rí nídìí ìkòkò láti Ọjà Ọba títí dé Ìsíkàn. Ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀, a ò wá jà.

Ọ̀rọ̀ púpurú ni. Gbogbo wa la mọ̀ pé oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ti ìpínlẹ̀ Oǹdó ni, ọ̀dọ̀ àwọn Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ ló ti gbajúmọ̀ jù, àmọ́ ẹ wá a dé Alágbàka lọ́sàn-án kẹ́ ẹ wò ó, ìrẹsì àti àmàlà lẹ máa bá, iyán náà wà, ṣùgbọ́n púpurú gidi pẹ̀lú ọbẹ̀ ewé marúgbó, àfi kéèyàn ní ìyá tó máa rò ó fún un nílé. Láti 1976 ni Àkúrẹ́ ti jẹ́ olú ìlú ìpínlẹ̀ yìí o! Ó ń dùn wá.

Àwọn ọ̀dọ́ kan nínú ẹgbẹ́ wa ti ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀. Wọn ò lówó ṣọ́ọ̀bù, ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ni kí wọ́n na kánópì kan, kí wọ́n gbé tábìlì méjì, sítóòfù gáàsì àti kúlà omi síbẹ̀, kí wọ́n máa ta púpurú nírọ̀lẹ́ Friday àti Saturday, tí wọ́n bá tà tán kí wọ́n tú u, kí wọ́n gbálẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Púpurú àti marúgbó nìkan, kò ní sí ìrẹsì ńbẹ̀ rárá. Ìyẹn dáa lójú tiwa, torí oúnjẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́ kù bà jẹ́ mọ́ ẹni tó ń se ẹyọ kan lọ́wọ́.

Kì í ṣe ohun tá a kàn dédé kó síta o. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún (rírẹ yẹn ló ń dín oró inú rẹ̀ kù), wọ́n á kó o sápò, wọ́n á gbé nǹkan wúwo lé e kómi rẹ̀ ro dànù, wọ́n á ṣa okùn inú rẹ̀, wọ́n á mọ ọ́n roboto, kó tó wá dórí àjà níbi tí iná àti èéfín á ti yan án títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi dúdú kirikiri. Ọ̀bẹ la fi ń ha dúdú yẹn kúrò, tí funfun inú rẹ̀ bá yọ báyìí, tí òórùn èéfín yẹn ta síni nímú, ebi á ti dé. Marúgbó ní tiẹ̀, ewé yẹn gbọ́dọ̀ kúnná, ẹja yíyan àti ata á tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ ìyá tó mọ̀ ọ́n sè kì í tilẹ̀ fi epo sí i. Abúlé ni wọ́n á ti parí iṣẹ́ èéfín, kò ní da ìlú láàmú.

Tíkẹ́ẹ̀tì táwọn agbowó máa ń já fún ọlọ́jà ló ń bà wá lẹ́rù. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan gbé tábìlì síta láìpẹ́ yìí, kò tíì ta abọ́ kan táwọn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fi gbowó lọ́wọ́ ẹ̀, ẹnì kẹta tún ní kó kó ẹrù ẹ̀ kúrò, a ò mọ ẹni tó rán wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ààyè kan hàn wá létí Adésidà road tàbí nítòsí géètì yunifásítì FUTA, níbi tí ò ní dí mọ́tò lọ́nà, kẹ́ ẹ sọ iye tá a máa san lóṣù, ká gba rísíìtì kan ṣoṣo tá a máa fi han ẹnikẹ́ni tó bá dé. Ẹ rán wolé-wolé wá kí wọ́n wo omi wa, kí wọ́n wo abọ́ wa, àwa gan-an la fẹ́ ẹ. Tẹ́ ẹ bá ní ká fi oṣù mẹ́ta dán an wò ná, a gbà. Alága wa àti èmi máa wá sí ọ́fíìsì yín lọ́jọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, a ó sì gbé púpurú gbígbóná dání kẹ́ ẹ tọ́ ọ wò.

Akọ̀wé ẹgbẹ́,
lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.