Màmá, mo ti ń jẹ ẹran gidi

Leeds, oṣù Kejìlá

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ kú ilé, ẹ kú ọyẹ́. Bàbá ńkọ́? Ṣé orúnkún wọn ti ń gbádùn?

Lọ́jọ́ tí ẹ bi mí pé kí ni mò ń jẹ, tí mo ní "oúnjẹ ni," mo gbọ́ bí ẹ ṣe pòṣé. Ẹ ò ṣì mí mọ̀. Búrẹ́dì àti indomie ni mo fi gbéra níbí. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ń jáde, bí mo bá sì fi máa wọlé láago mẹ́rin, ilẹ̀ ti ṣú bíi pé ẹnìkan bo ojú ọ̀run. Ta ló fẹ́ dúró ti ọbẹ̀?

Mo wá ra ìkòkò kan, slow cooker ni wọ́n ń pè é. Ó wúwo bí ìkòkò amọ̀ tí Ìyá Àgbà fi ń se àgbo, ṣùgbọ́n iná mànàmáná ló ń lò. Mo mọ̀ pé ẹ máa ké: "O gbé ọbẹ̀ kaná, o bá iṣẹ́ lọ!" Bẹ́ẹ̀ ni o. Iná rẹ̀ kéré gan-an. Wákàtí mẹ́jọ ló fi ń rọra hó, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́ ohùn òun.

Èyí tí mo kọ́kọ́ sè, ìtìjú gbáà ni. Ẹ mọ ọwọ́ mi, gbogbo ìgbà ni mò ń ṣí ìdérí wò. Nígbà tí alẹ́ lẹ́, ẹran ti rọ̀, pòtétò ṣì ń dún kàkà lẹ́nu. Ìyá òyìnbó kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ìsàlẹ̀ ni kárọ́ọ̀tì àti pòtétò ń wà, kí ẹran wà lókè, torí nínú iná jẹ́jẹ́ àwọn ló ń pẹ́ jinná ju ẹran lọ. Ìdérí yẹn náà, tí mo bá ti ṣí i, mo ti da ooru rẹ̀ nù nìyẹn. Ó sì kìlọ̀ pé tí mo bá fẹ́ fi ẹ̀wà pupa ńláńlá wọn, tí wọ́n ń pè ní kidney beans, sí i, kí n kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ lórí iná gidi, kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú 10, torí májèlé wà nínú rẹ̀ tí iná jẹ́jẹ́ kì í pa.

Ẹran ojúgun ni mo ń rà báyìí. Owó rẹ̀ kò pọ̀, torí iṣan kún inú rẹ̀. Mo máa ń gé e ní ńláńlá, màá fi iyọ̀ ra á, màá yí i nínú fúláwà díẹ̀, màá wá dín in kí ara rẹ̀ pọ́n. Mo ti dán an wò láìdín in rí: ọbẹ̀ tẹ́ bí omi ìṣanwọ́. Àlùbọ́sà méjì, tòmátò alágolo ṣíbí kan, táìmù, omi díẹ̀, torí ewébẹ̀ á mú omi tiwọn wá. Wọn kì í fi ata sí i níbí, ẹ dákun! Èmi gbé odindi ata rodo kan lé e lórí.

Tí mo bá dé, ẹnu ọ̀nà ni òórùn rẹ̀ ti ń pàdé mi. Iṣan tó le bí okùn á ti yọ́ sínú omi ọbẹ̀, á ki, á máa lẹ̀ mọ́ni létè bí omi bòkótó. Bàbá ò ní fẹ́ ẹ. Wọ́n á ní ẹran tí kò bá eyín jà, ẹran kọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí eyín ọ̀tún ń dà láàmú, ẹ rán Ṣẹ́gun lọ sí Bódìjà kó ra ojúgun wá. Ẹ lo ìkòkò tó nípọn, ẹ dín iná èédú kù, kí ọbẹ̀ kàn máa rọra hó, ẹ fi sílẹ̀ bíi wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin. Kí Ṣẹ́gun má ṣí i wò o.

Ọmọ yín,
Akin