Ẹ ṣọ́ra fún **21*

Sí Olóòtú,

Bí wọ́n bá ti gba WhatsApp mọ́ èèyàn lọ́wọ́, ariwo tó máa ń pa ni pé wọ́n háàkì òun. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹnu ara rẹ̀ ló fi ka kóòdù onínọ́ńbà 6 tí WhatsApp fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ fún olè.

Èyí tó burú jù ni èyí tí kò gba kí ẹ ka ohunkóhun. Wọ́n á ní kí ẹ tẹ **21*, kí ẹ fi nọ́ńbà kan tẹ̀ lé e, kí ẹ fi # parí rẹ̀, pé dátà ọ̀fẹ́ ni. Dátà kọ́ o! Gbogbo ìpè yín ló ń yà sọ́dọ̀ wọn, WhatsApp á sì fi ìpè ka kóòdù náà sí wọn létí. *#21# ni ẹ máa fi yẹ̀ ẹ́ wò. ##002# ló ń pa á rẹ́.

Ẹ wọ Settings, Account, Two-step verification, kí ẹ fi PIN onínọ́ńbà 6 síbẹ̀ (ẹ má fi ọjọ́ ìbí ṣe é). Bí olè bá ti fi tirẹ̀ ṣáájú, bí ẹ bá tẹ kóòdù tuntun tó wọlé sórí síìmù yín sínú WhatsApp, á lé e jáde lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ 7 lẹ máa dúró kí ẹ tó lè lò ó padà.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn