Fọláṣadé, yọ ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ kó o tó dìde ní kíláàsì

Fọláṣadé mi, Àkànkẹ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun gidi, àbí núdù náà lo ṣì ń sè láàárọ̀ lálẹ́ bí ọmọ tí ò níyàá? Gbogbo wa wà níbí, Daddy ẹ ń kí ẹ. Ọ̀rọ̀ tó o sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Sunday ni mo fẹ́ dá ẹ lóhùn, mi ò fẹ́ sọ ọ́ nígbà yẹn torí mo mọ̀ ẹ́, tí mo bá sọ gbólóhùn kan wàá ti já mẹ́ta lé e, o ti ń ṣe lọ́yà kó o tó dé iléèwé lọ́yà.

O ní pùròfẹ́sọ̀ yín ní kí ẹ padà sí ọ̀rọ̀ Elena Kagan, ìgbà tí Obama fà á kalẹ̀ fún Supreme Court, kóòtù tó ga jù ní Amẹ́ríkà, ní 2010, káwọn kan sọ pé ó kúnjú òṣùwọ̀n, káwọn kan sọ pé kò kún un, ìwọ sì ti mú ti àwọn tó ní kò kún un. Kò burú. Ṣùgbọ́n ìdí méjì péré lo fún mi, pé obìnrin náà ò ṣe adájọ́ rí láyé ẹ̀, àti pé kò fẹ́ràn ìbọn, o sì sọ méjèèjì pọ̀ léèkan náà bíi pé nǹkan kan náà ni wọ́n. Àkànkẹ́, nǹkan kan náà kọ́ o. Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn béèrè pé ṣé ẹni yìí mọ iṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni kéèyàn béèrè pé ibo ló fì sí. Méjèèjì ló tọ́ kéèyàn béèrè, àmọ́ àwọn èèyàn máa ń fi ti àkọ́kọ́ bo ti ìkejì mọ́lẹ̀, torí ó ń tì wọ́n lójú láti sọ pé "mi ò fẹ́ ẹ torí pé kò ní dìbò bí mo ṣe fẹ́."

Mo rántí ọdún yẹn dáadáa, ìwọ ṣì wà ní primary. Adájọ́ John Paul Stevens ló fẹ́ fẹ̀yìn tì, ọmọ bíbí Chicago wa níbí, ó ti pé ẹni 90 ọdún. Ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ni Obama kéde Kagan. Kò pẹ́ tí ariwo fi bẹ̀rẹ̀, gbogbo tẹlifíṣọ̀n, pé obìnrin tí ò jókòó gbọ́ ẹjọ́ kankan rí ni wọ́n fẹ́ lọ gbé sórí àga tó ga jù.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ gba ti iṣẹ́ yẹn yẹ̀ wò. Ó jáde ní Princeton, ó lọ Oxford, ó ka lọ́yà ní Harvard. Ó bá Thurgood Marshall, adájọ́ Supreme Court, ṣiṣẹ́ ní 1987 gẹ́gẹ́ bíi clerk, ìyẹn lọ́yà ọ̀dọ́ tó ń ran adájọ́ lọ́wọ́ (Marshall yẹn náà ló ń pè é ní "Shorty" torí kò ga, àgbà tó mọ ẹ̀fẹ̀ ni bàbá yẹn). Ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní University of Chicago, Hyde Park tá a máa ń wakọ̀ kọjá yẹn náà. Ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Clinton nílé ìjọba, ó padà di dean, ọ̀gá àgbà, iléèwé lọ́yà Harvard ní 2003, obìnrin àkọ́kọ́ nìyẹn, ní 2009 ó di Solicitor General, lọ́yà tó ń gbẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ rò ní Supreme Court, ó tún jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Amẹ́ríkà, ABA, fún un ní máàkì tó ga jù lọ nínú èyí tí wọ́n máa ń fún èèyàn. Ẹni tó bá wá sọ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò mọ̀wé òfin, kó wá sọ ẹni tó mọ̀ ọ́n fún mi.

Ọ̀rọ̀ pé kò ṣe adájọ́ rí ńkọ́? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ṣé ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé Clinton fà á kalẹ̀ ní 1999 láti ṣe adájọ́ ní kóòtù ìpẹ̀jọ́ (kò-tẹ́-mi-lọ́rùn) ti Washington, D.C.? Àwọn Republican ló ń darí sẹ́nétì nígbà yẹn, ìgbìmọ̀ wọn ò tilẹ̀ pè é wá jókòó kí wọ́n bi í ní ìbéèrè kan, wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí Clinton fi kúrò. Ta ló wá gba àga yẹn lẹ́yìn-ò-rẹyìn? John Roberts, tó jẹ́ olórí Supreme Court lónìí. Ẹni tí ẹ tilẹ̀kùn mọ́ síta, ní ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà ẹ tún wá ń bi í pé kí ló dé tí ò fi wọlé rí. Ọmọ mi, tó o bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí ní kíláàsì láìmọ èyí, ẹnìkan á dìde á fi tì ẹ́ mọ́lẹ̀, ojú á sì tì ẹ́.

Òun náà kọ́ ni àkọ́kọ́ o. Earl Warren, gómìnà California ni, kò ṣe adájọ́ kankan kó tó di olórí kóòtù yẹn. Brandeis náà ò ṣe é. Rehnquist àti Powell tí wọ́n wọlé ní 1972 ò ṣe é, Rehnquist sì padà di olórí kóòtù náà, àwọn Republican kan náà sì ń yìn ín di ọ̀la. Ká tún wá wo ti Harriet Miers ní 2005. Bush ló fà á kalẹ̀, lọ́yà ni, kò ṣe adájọ́ rí bákan náà, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí àwọn èèyàn Bush gan-an ló pariwo jù pé kò tó gbangba sùn lọ́yẹ́. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù lábẹ́ ẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ò tíì ti ẹnu obìnrin náà jáde, wọn ò mọ ibi tó máa fì sí. Kò pé oṣù kan tó fi yọ ara ẹ̀. Ṣé o ti rí i? Ọ̀rọ̀ "kò ṣe adájọ́ rí" yìí, ẹni tí wọn ò bá fẹ́ ni wọ́n ń gbé e lé lórí.

Tó bá jẹ́ pé dandan ni kó o ta kò ó lórí iṣẹ́, mo máa fún ẹ ní èyí tó lágbára jùyẹn lọ. Ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí Kagan máa dìde rò níwájú àwọn adájọ́ kóòtù ìpẹ̀jọ́ kankan láyé ẹ̀, Supreme Court gan-an ló ti rò ó, ẹjọ́ Citizens United lórí owó ìdìbò, oṣù kẹsàn-án 2009. Kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n fi ní kó wá di adájọ́ níbẹ̀. Ìyẹn lọ́yà tó lẹ́nu lè sọ nǹkan sí. Gbá ìyẹn mú, fi "kò ṣe adájọ́ rí" sílẹ̀.

Ó ku ti ìbọn. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kó o fara balẹ̀ jù, torí níbí, àwọn tó ń ṣiyèméjì ní ẹjọ́ rò, mi ò sì ní purọ́ fún ẹ.

Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ fún Marshall, ìwé ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sandidge wá síwájú wọn, ó ní òfin tí D.C. ṣe lórí ìbọn tẹ ẹ̀tọ́ òun lójú lábẹ́ Second Amendment, apá ìwé òfin Amẹ́ríkà tó sọ nípa ẹ̀tọ́ láti ní ìbọn. Kagan kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá ẹ̀ pé àánú ẹ̀ ò ṣe òun. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbólóhùn tí ò gùn yẹn ni wọ́n gbé kiri lọ́dún 2010. NRA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ìbọn, ní àwọn ò fẹ́ ẹ, wọ́n tún fi kún un pé ó wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí òfin ìbọn lọ́dọ̀ Clinton. Èsì tó fún àwọn sẹ́nétọ̀ ni pé nígbà tóun kọ ìyẹn, kò sí kóòtù ìpẹ̀jọ́ kankan tó tíì sọ pé ẹ̀tọ́ ìbọn jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, 2008 ni Supreme Court tó sọ bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ Heller, márùn-ún sí mẹ́rin, èyí sì rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Torí náà, tó o bá fẹ́ ka gbólóhùn yẹn fún wọn, ka ọdún tó kọ ọ́ mọ́ ọn. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Wàyí o, ọjọ́ tí ìjókòó ẹ̀ níwájú àwọn sẹ́nétọ̀ bẹ̀rẹ̀ gan-an, ọjọ́ 28 oṣù kẹfà 2010, àárọ̀ ọjọ́ yẹn náà ni ìdájọ́ McDonald jáde, ẹjọ́ ìlú wa níbí. Láti 1982 ni Chicago ò ti jẹ́ kí èèyàn forúkọ ìbọn ìléwọ́ tuntun sílẹ̀. Otis McDonald, bàbá dúdú kan tó ti fẹ̀yìn tì, ní Morgan Park, olè ti wọ ilé ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ó ní òun fẹ́ ìbọn ìléwọ́ tóun á máa fi sùn. Márùn-ún sí mẹ́rin, ó borí. Ọjọ́ yẹn, ilé wa pín sí méjì. Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹmájẹ́ńsì ni mo ti ṣiṣẹ́ ní South Side, mo mọ ohun tí ọta ń ṣe fún ara ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kò sí lọ́yà tó lè ṣàlàyé ìyẹn fún mi. Daddy ẹ ń wa takisí lóru nígbà yẹn, wọ́n ti na ìbọn sí i lójú rí, ó ní bàbá Otis gbẹnu òun sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó jẹ́ wèrè nínú àwa méjèèjì. Torí náà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní Texas tàbí ní Chicago sọ fún ẹ pé ẹni tó ń béèrè ohun tí adájọ́ rò nípa ìbọn ń ṣe àṣejù.

Àmọ́ kíyè sí nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò sọ. Stevens tó ń lọ yẹn, ó wà lára àwọn mẹ́rin tí ò fara mọ́ Heller, ó tún wà lára àwọn mẹ́rin tí ò fara mọ́ McDonald. Ká tiẹ̀ ní Kagan kórìíra ìbọn ju ẹnikẹ́ni lọ, márùn-ún sí mẹ́rin náà ló máa ṣì jẹ́. Ìjà lórí ìbọn nígbà yẹn, ìjà ọjọ́ iwájú ni.

Ohun tí mo rí sí Kagan nìyí, èmi ìyá ẹ. Ní 1995, ó kọ ọ̀rọ̀ kan jáde nínú ìwé àwọn lọ́yà University of Chicago, ó bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn tí wọ́n bá fà kalẹ̀ tí wọ́n máa jókòó síwájú sẹ́nétọ̀ tí wọn ò ní sọ nǹkan kan tó lórí tó nídìí. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà, àga yẹn kan òun náà. Wọ́n bi í nípa ìbọn, ó ní Heller ti di òfin tó fìdí múlẹ̀, ó parí. Ó mọ ohun tí wọ́n ń bi í, gbogbo wa mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Tí mo bá jẹ́ ìwọ, ibẹ̀ ni mo máa dúró sí ní kíláàsì, pé ẹni tó mọ iṣẹ́ dáadáa ni, àmọ́ kò fún aráàlú ní ìdáhùn tí òun fúnra ẹ̀ ti sọ pé ó tọ́ sí wọn. Ìyẹn dùn mí ju gbólóhùn Sandidge lọ.

Ẹ̀yìn ẹ̀ wá wá jẹ́rìí. 63 sí 37 ni wọ́n fi gbà á wọlé, ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ, àwọn Republican márùn-ún dìbò fún un, Ben Nelson ti Nebraska nìkan ni Democrat tó kọ̀. Ní 2022, nínú ẹjọ́ Bruen, nígbà tí kóòtù fagi lé òfin New York lórí gbígbé ìbọn jáde, mẹ́fà sí mẹ́ta, Kagan wà lára àwọn mẹ́ta. Àwọn tó ṣiyèméjì lórí ìbọn ò ṣìnà nígbà náà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ní kò mọ iṣẹ́, ẹ lọ ka àwọn ìdájọ́ tó ń kọ, àwọn tó kórìíra ibi tó fì sí gan-an gbà pé ó mọ̀ ọ́n kọ. Èyí tó máa pa ẹ́ lẹ́rìn-ín: ó ṣèlérí fún sẹ́nétọ̀ kan láti Idaho pé tóun bá wọlé òun á ní kí Adájọ́ Scalia mú òun lọ ṣọdẹ, ó sì lọ lóòótọ́, òun àti Scalia tó kọ Heller, wọ́n yìnbọn fún ẹyẹ, wọ́n dé Wyoming, ó pa àgbọ̀nrín. Daddy ẹ fẹ́ràn ìtàn yẹn ju gbogbo òfin tó wà níbẹ̀ lọ.

Ìdí tí mo fi ń yọ ẹ́ lẹ́nu tó báyìí, mo wo Ketanji Brown Jackson ní 2022, nígbà tí wọ́n fa òun náà kalẹ̀ fún Supreme Court. Ìyẹn ti ṣe adájọ́ láti 2013, ó ti gbẹjọ́ rò fún àwọn tálákà, Harvard kan náà ló ti jáde, síbẹ̀ ẹnìkan jókòó sórí tẹlifíṣọ̀n ó ní kí wọ́n mú èsì LSAT ẹ̀ wá, ìdánwò téèyàn ń ṣe kó tó wọ iléèwé lọ́yà. Ẹni tó ti ṣe adájọ́ o! Ìwọ ń jẹ́ Fọláṣadé, o dúdú, obìnrin ni ẹ́. Wọ́n máa bi ẹ́ ní ìbéèrè yẹn lọ́jọ́ kan, ṣé o kúnjú òṣùwọ̀n, mo sì fẹ́ kó o mọ ìgbà tí wọ́n ń béèrè ẹ̀ lóòótọ́ àti ìgbà tí wọ́n fi ń bo nǹkan míì, kó o lè mọ èyí tó o máa dá lóhùn. Má wá jẹ́ pé ìwọ lo kọ́kọ́ máa bá wọn dà á pọ̀ fún ẹlòmíì.

Wá àkọsílẹ̀ ìjókòó ọjọ́ mẹ́rin yẹn, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kà á fúnra ẹ kó o tó kọ nǹkan kan. Tó o bá kọ ọ́ tán fi ránṣẹ́ sí mi, Daddy ẹ ní apá ti ìbọn lòun fẹ́ kà, kó o pè é lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́, torí bọ́ọ̀lù wà kó tó di ìgbà yẹn. Mo ti fi owó díẹ̀ sí àkáǹtì ẹ, ra ẹ̀fọ́.

Màmá ẹ