Sí ẹ̀yin ọmọ mi tí ilé ńlá ń wá fẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín o. Mo kí ẹ̀yin tí ìgbéyàwó yín ti kù sí dẹ̀dẹ̀, mo sì kí ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wòye. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi. Bí wọ́n bá ti ní ọmọ lágbájá ló ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ, gbogbo ilé á gbóná: ìyá á máa rẹ́rìn-ín, àbúrò á máa ka mọ́tò tí wọ́n gbé wá, kò sì ní sẹ́ni tó máa bi ọmọ náà pé irú ilé wo ló ń lọ. Ìtàn obìnrin kan ni mo fẹ́ fi bá yín sọ̀rọ̀. Ọmọ Manchu ni, ní ilẹ̀ Ṣáínà. Youlan lorúkọ rẹ̀, ìdílé Guwalgiya ló sì ti wá.

Àwọn Manchu ló jọba lórí gbogbo Ṣáínà láti 1644 títí di 1912. Ọ̀wọ́ mẹ́jọ ni wọ́n pín ara wọn sí, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní àsíá tirẹ̀. Ọmọbìnrin inú ọ̀wọ́ wọ̀nyí kò gbọdọ̀ lọ sílé ọkọ kí ààfin tó kọ́kọ́ wò ó. Lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń kó wọn wá sí Beijing, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n á tò wọ́n sí ìlà. Èyí tí ààfin bá fẹ́, ó di ti ààfin tàbí ti ọmọ ọba. Èyí tí wọn kò bá mú ló lè padà lọ wá ọkọ. Wọn kì í di ẹsẹ̀ ọmọbìnrin tiwọn pinpin kó má bàa tóbi, bí àwọn Han, ẹ̀yà tó pọ̀ jù ní Ṣáínà, ti ń ṣe. Ọmọ Manchu ń gun ẹṣin, ó ń wọ bàtà tí igi gíga wà láàárín àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, a sì máa fi yẹtí mẹ́ta sí etí kan. Tí ẹ bá rí àwòrán wọn, ẹ ó rò pé kò sóhun tó lè tẹ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lórí ba.

Bí Youlan ṣe rí gan-an nìyẹn. 1884 ni wọ́n bí i. Ronglu ni bàbá rẹ̀, ọ̀gágun àgbà tí Cixi, ìyá ọba tó di gbogbo agbára ìlú mú, fọkàn tán ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọmọ náà ń wọlé jáde nínú ààfin. Wọ́n ní Cixi fúnra rẹ̀ sọ pé ọmọ yìí kò bẹ̀rù òun pàápàá. Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn.

Ọmọ ọba tí wọ́n fi í fún ni Zaifeng, àbúrò ọba Guangxu. Ní 1901 ni wọ́n rán Zaifeng lọ sí Jámánì láti lọ tọrọ àforíjì nítorí aṣojú Jámánì tí wọ́n pa ní Beijing lọ́dún tó ṣáájú. Nígbà tó dé, Cixi pàṣẹ pé ọmọ Ronglu ni kó fẹ́. Wọ́n ti bá Zaifeng tọrọ ọmọ ẹlòmíràn tẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ bínú títí, ṣùgbọ́n ta ni yóò yẹ àṣẹ Cixi? Wọ́n já ti àkọ́kọ́ sílẹ̀, wọ́n gbé Youlan wọlé ní 1902. Kò sẹ́ni tó bi ọkọ, kò sẹ́ni tó bi ìyàwó.

Ní 1906 ó bí ọmọkùnrin, Puyi. Ẹ̀yin ọmọ mi, ibí ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Ní oṣù kọkànlá 1908, Guangxu ń kú lọ, Cixi náà ń kú lọ. Nínú ààfin ni wọ́n ti ránṣẹ́ wá lálẹ́ pé ọmọ ọdún méjì yẹn ni ọba tuntun, kí wọ́n gbé e wá lójú ẹsẹ̀. Ìyá Zaifeng dákú nígbà tó gbọ́. Ọmọ náà figbe ta, ó ń lu ìwẹ̀fà tó fẹ́ gbé e. Àwọn ìjòyè dúró, wọ́n ń wo ara wọn. Obìnrin tí wọ́n gbà láti máa fún un lọ́mú ló fà á mọ́ra, tó ki ọmú bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ìgbà náà ló tó dákẹ́. Òun náà ló gbé e dé ààfin. Ìyá tó bí i wà nínú ilé kan náà, ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń sọ ìtàn alẹ́ ọjọ́ yẹn, bóyá ni ẹ ó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ní ti òfin ààfin, Puyi ti di ọmọ àwọn ọba tó ti kú. Àwọn opó wọn ló di ìyá rẹ̀, àwọn ló sì ń pè ní ìyá. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí wọ́n tó gba Youlan láyè láti wá fojú kan ọmọ rẹ̀. Puyi sọ ọ́ nígbà tó dàgbà pé bí wọ́n ṣe dé, àjèjì ni wọ́n jẹ́ lójú òun. Ìyá àgbà rẹ̀ kò gbójú kúrò lára rẹ̀, omi sì ń ṣe lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tó bí i ń sọ̀rọ̀ bí òṣìṣẹ́ ìjọba: kí ọba máa ka ìmọ̀ràn àwọn babańlá, kí ọba má jẹun jù torí ara mímọ́ lara ọba, kí ọba máa tètè sùn, kó máa tètè jí. Ẹ̀rù ìyá náà ń ba ọmọ.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ní obìnrin náà kò nífẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Èmi kò gbà. Kí ló fẹ́ sọ? Wọ́n ti kọ́ ọ pé ọba ni èyí, kì í ṣe ọmọ. Bí ilé bá ti gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá, tí wọ́n wá fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárín àwọn ìwẹ̀fà tó dúró kíṣẹ́ kíṣẹ́, ohun tí ẹnu lè rí sọ nìyẹn. Obìnrin tó ń fún Puyi lọ́mú ní ọmọ tirẹ̀ nílé, ọmọbìnrin. Ebi pa ọmọ náà kú, wọ́n sì fi í pa mọ́ fún ìyá kí ọmú rẹ̀ má bàa gbẹ. Ìyá méjì ni ilé kan ṣoṣo yẹn gba ọmọ lọ́wọ́ wọn, olówó àti tálákà.

N kò sọ pé kí ẹ má gbé ọmọ yín fún ìyá àgbà tọ́ o. Èmi náà ṣe é, ó sì dùn mọ́ mi. Èyí tí mo ń wí ni ilé tó ń sọ fún aya pé ọmọ tiwa lo gbé sínú, pé bí o bá fẹ́ lọ, ìwọ nìkan ni yóò lọ. Wọ́n wà lọ́dọ̀ wa náà. Ẹ bi wọ́n kí ìdáná tó dé, kí ẹ sì bi ọkọ gan-an, kì í ṣe alága ìdúró: bí mo bá bímọ, ta ni yóò pinnu ibi tí yóò gbé? Bí ẹbí rẹ bá bú mi, kí ni wàá ṣe? Bó bá ń rẹ́rìn-ín, tí ó ń ní òun yóò wò ó, ẹ tún un bi.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má sá. Ọ̀rọ̀ kàn yín. Zaifeng ni wọ́n fi ṣe adelé fún ọmọ rẹ̀, ó sì fi ipò náà sílẹ̀ ní oṣù kejìlá 1911, nígbà tí ìjọba wọn ń wó lọ. Ó délé, ó ní inú òun dùn, òun lè wá máa gbé ọmọ nílé wàyí. Youlan bú sẹ́kún, ó sọ fún Pujie, ọmọkùnrin rẹ̀ kejì, pé kó má ṣe dà bíi bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yẹn sọ dùn mọ́ mi nínú. Àmọ́ ó ti pẹ́ jù. Ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ yìí kò rí ẹnu gbà á sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n wá gbé àkọ́bí rẹ̀ lọ. Àárín àwọn méjèèjì kò gún lórí owó náà. Youlan ń ta nǹkan iyebíye, ó ń náwó fún àwọn tó lérò pé wọ́n lè dá ìjọba padà, Zaifeng a sì máa fọ́ ìkòkò òdòdó nígbà tínú bá ń bí i. Wọ́n wá fi onírin rọ́pò wọn.

Ní 1921, Puyi, tó ṣì wà nínú ààfin bí ìjọba wọn tilẹ̀ ti wó, ti di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Duankang, ọ̀kan nínú àwọn opó tí òfin sọ di ìyá rẹ̀, lé dókítà ààfin kan lẹ́nu iṣẹ́, Puyi sì lọ pariwo lé e lórí. Duankang ránṣẹ́ pe Youlan àti ìyá ọkọ rẹ̀, ó jágbe mọ́ wọn, àwọn méjèèjì kúnlẹ̀, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Ọmọ tí wọ́n ní kò bẹ̀rù Cixi wà lórí eékún níwájú gbogbo èèyàn nítorí ọmọ tí wọn kò jẹ́ kó tọ́. Youlan délé, ó gbé ọ́píọ̀mù, oògùn olóró, mì. Ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ló kú, ọmọ ọdún 37. Ọmọ márùn-ún ló fi sílẹ̀.

Ta wá ni Duankang? Ọmọ Manchu bíi tirẹ̀, ìdílé Tatara. Ní 1889 ni wọ́n kó òun àti àbúrò rẹ̀ wọ ààfin fún Guangxu, àbúrò náà kò ju ọmọ ọdún 13 lọ. Ní 1894, Cixi já àwọn méjèèjì wálẹ̀ láti ipò wọn. Nígbà tí ogun òyìnbó wọ Beijing ní 1900, wọ́n ní àṣẹ Cixi ni wọ́n fi ju àbúrò yẹn sí kànga. Ẹni tójú rẹ̀ ti rí tó báyìí ló wá di ẹni tó ń jágbe mọ́ obìnrin ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nílé ọkọ, tí ìyàwó kékeré ń bọ̀ wá bá yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí rẹ̀ kí ẹ tó lanu.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ti wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bú yín lánàá, tí ẹ kò rí ẹni sọ ọ́ fún, tí ọkàn yín ń sọ ohun tí kò yẹ kó sọ, ẹ má dá jókòó tì í. Ẹ dìde, ẹ lọ bá ìyá yín, tàbí ẹ̀gbọ́n, tàbí ọ̀rẹ́ tó lè gba ẹjọ́ rò. Ẹ pe èmi náà, kódà bó ṣe òru. Kò sóhun tí wọ́n fẹ́ sọ níta tó tó ẹ̀mí yín. Yàrá kan ṣófo nílé mi.

Èmi ni ìyá yín.