Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Oníbàárà Wa: Ìdí Tí A Fi Ń Gba Ìwé Lọ́wọ́ Yín Kí A Tó Gbé Kámẹ́rà Jáde

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

Ẹ kú ọjà, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú àmúmọ́ra ọ̀rọ̀ iná yìí.

Ẹ mọ̀ pé fídíò ìpolówó ọjà la ń yà fún yín, a sì ń ní kí ẹ kọ ìwé ojú ewé kan nípa ọjà yín fún wa kí a tó wá. Ó ti tó oṣù mélòó kan báyìí tí ìbéèrè lórí ẹ̀ ti ń wọlé sórí fóònù mi. Ẹnìkan á pè, á ní, "Àǹtí, fídíò ìṣẹ́jú kan péré lẹ fẹ́ kí n tìtorí ẹ̀ kọ ìwé? Ẹ ṣáà gbé kámẹ́rà yín máa bọ̀." Òmíràn á ní tẹ́lẹ̀, èmi nìkan ni mò ń wá, àfi bí èèyàn mẹ́rin ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́sí, ṣé kì í ṣe òun náà ni yóò sanwó àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Mo ní kí n kúkú jókòó dá gbogbo yín lóhùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò ní pa òwe àgbájọ ọwọ́ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká mú ti owó kúrò ńlẹ̀ ná. Pípọ̀ tí a pọ̀ kò fi kún owó yín. Fún ẹni tó ń ṣe fídíò mẹ́rin lóṣù, ńṣe ni owó náà wálẹ̀, torí ọjọ́ kan ṣoṣo la fi ń ya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin báyìí. Nígbà kan, ọjọ́ mẹ́rin ni: owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, epo jẹnẹrétọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ̀yin náà á ti ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mẹrin. Bẹ́ẹ̀ bí a bá fẹ́ to iná, ká de máìkì, ká wá ibi tí kámẹ́rà yóò dúró sí, bíi wákàtí kan ààbọ̀ ni, ì báà jẹ́ fídíò kan la fẹ́ yà, ì báà jẹ́ mẹ́rin. Alákàrà kì í tìtorí àkàrà ẹyọ kan gbé agbada kaná. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí ẹ mú aṣọ mẹ́rin dání wá. Bí ẹ bá pààrọ̀ aṣọ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ọjọ́ kan náà ni. A sì máa ń bẹ̀ yín kí ẹ ti múra tán láàárọ̀, torí tí oòrùn bá ti wà ní àtàrí, òjìji fìlà tàbí gèlè ló máa bo ojú yín.

Nígbà tí mo ń dá a ṣe, èmi ni mò ń di kámẹ́rà mú, èmi ni mò ń bi yín ní ìbéèrè, èmi náà ni mò ń ṣọ́ iná. Ohùn ló máa ń jìyà ẹ̀. Mo lọ ya fídíò fún ìyá alámàlà kan ní Mókọ́lá. Àwòrán náà rẹwà, ẹ̀ẹ́fín àmàlà ń lọ sókè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìyá náà sọ̀rọ̀ dáadáa. Mo délé, mo fi sétí, ẹ̀rọ ìlọta ẹnu ọ̀nà kejì ni mo gbà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú mi ti wà lára àwòrán, etí mi ò sí nílé. Lónìí, ẹnìkan wà láàárín wa tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju pé kó fi ohun ìgbọ́hùn sétí. Tó bá nawọ́ sókè, gbogbo wa dúró nìyẹn, títí kan èmi tí mo ni iléeṣẹ́. Ẹ má bínú tó bá ní kí ẹ pa fáànù, tàbí kí ẹ yọ fíríìjì kúrò lára iná fún ogún ìṣẹ́jú. Ariwo fíríìjì tí etí yín ti mọ́ lára, máìkì kì í gbójú fò ó.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló kàn. Ojú ewé kan ṣoṣo ni: kí ni ẹ fẹ́ kí ẹni tó bá wo fídíò náà ṣe lẹ́yìn tó bá wò ó tán? Èló ni ọjà? Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú àmì? Ta ni yóò sọ pé "ó ti dáa, ẹ gbé e jáde"?

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn, owó la fi kọ́ ọ. Oníbàárà wa kan tó ń ta aṣọ òkè ní Gbági fẹ́ fídíò ìṣẹ́jú kan. A yà á, ó dùn ún wò. Ìgbà tí a fi ránṣẹ́ pé kó yẹ̀ ẹ́ wò ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Òun fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ọkọ rẹ̀ fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ya àwòrán. Àbúrò rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù wá nọ́ńbà ọmọbìnrin tó ń gé fídíò fún wa, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ lóru. "Ibi tí mo ti rẹ́rìn-ín yẹn, ẹ yọ ọ́." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló rẹ́rìn-ín nínú fídíò náà. Ọkọ ní òun fẹ́ràn ẹ̀rín yẹn, kí a fi í sílẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kẹrin, ẹ̀dà mọ́kànlá ló wà lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan ń jẹ́ "ìkẹyìn", ọ̀kan "ìkẹyìn gan-an", ọ̀kan "ìkẹyìn tuntun". Ẹ̀dà tí a wá gbé jáde, iye owó àtijọ́ ló wà lára rẹ̀. Àwọn èèyàn mẹ́ta gbé fóònù dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní iye tí àwọn rí nìyí, ìyá aláṣọ òkè kò sì lè bá wọn jà. Àwa la san ìyàtọ̀ rẹ̀ padà fún un, torí àwa la jẹ̀bi. Ẹni mẹ́ta ni tiwọn, ẹni mẹ́ta ni tiwa, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí ẹnìkejì ti sọ.

Látìgbà náà, ẹnu kan la ń gbọ́ lọ́dọ̀ oníbàárà, ẹnìkan ló sì ń gbà á lọ́dọ̀ wa. Ẹ lè bá ọkọ, ìyàwó àti ará òkè òkun jíròrò títí ilẹ̀ á fi mọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ni kó dé ọ̀dọ̀ wa, pẹ̀lú ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá tí ọ̀rọ̀ wà: "0:23, ẹ yọ ẹ̀rín." Bí ẹ bá kọ ọ́ báyìí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá la fi ń tún un ṣe. Àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì wà nínú owó tí ẹ san, ẹ̀kẹta ní owó tirẹ̀. Orúkọ gbogbo ẹ̀dà wá di ọjọ́ àti nọ́ńbà. A ti fòfin de "ìkẹyìn gan-an" ní ọ́fíìsì.

Àmì orí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àṣejù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ẹ̀. Bàbá kan ń fín igbá, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rẹwà púpọ̀. A kọ ọ́ sójú fídíò láìní àmì: "Igba, 5,000 náírà." Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó wọlé ni pé ṣé igba ẹyọ ni ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà? Ẹlòmíràn ní òun rò pé ìgbá tí wọ́n ń sè lọ́bẹ̀ ni. Irú ìkọ lẹ́tà (font) kan tún wà lórí kọ̀ǹpútà tí yóò ju àmì ohùn sórí lẹ́tà tó kàn, tàbí kó gbé àmì ìsàlẹ̀ ọ àti ṣ mì pátápátá. Èyí tó ń jẹ́ Noto Sans la ń lò báyìí, kì í fún wa ní wàhálà. Ẹnìkan ló ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ ojú fídíò sókè ketekete kó tó jáde, kì í sì í ṣe ẹni tó kọ ọ́.

Àwọn kan nínú yín máa ń fi fóònù ya díẹ̀ fún wa láti fi kún un. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ yà á lójú oòrùn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Iná wa ní Nàìjíríà, 50 Hz ni, ìyẹn ni pé ó ń lọ, ó ń bọ̀ nígbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ọ̀pọ̀ fóònù sì ń ya àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Wọn kò bára mu, òun ló ń fa ìlà dúdú tó ń rìn lójú fídíò tí ẹ bá yà lábẹ́ gílóòbù. Kámẹ́rà tiwa, àwòrán 25 la ń tò ó sí, kó lè bá 50 iná mu. Ẹ má sì sọ pé kí a fi nọ́ńbà yín sí ìsàlẹ̀ pátápátá: lórí TikTok, ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ tẹ̀lé fídíò ni yóò bò ó.

Ẹ tún ń béèrè ìdí tí a kì í fi ohun tí a yà ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Bí a ṣe ń ya 4K, ìyẹn fídíò tó mọ́ kedere gan-an, wákàtí kan ń gba nǹkan bíi gígábáìtì 45. Ọmọbìnrin tó ń gé e, Abẹ́òkúta ló ń gbé. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń gbé mẹ́gábíìtì mẹ́wàá (mẹ́gábíìtì mẹ́jọ ló ń jẹ́ mẹ́gábáìtì kan) ní ìṣẹ́jú-àáyá kan láìdúró, wákàtí mẹ́wàá ni wákàtí kan yẹn yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì ta ló sì ń sáré bẹ́ẹ̀ láìdúró? Nítorí náà, ẹ̀dà kékeré la ń fi ránṣẹ́ sí i. Òun ló fi ń ṣiṣẹ́, èyí tó tóbi wà lọ́dọ̀ wa lórí háàdì méjì, a ó wá so méjèèjì pọ̀ nígbẹ̀yìn. Oṣù mẹ́ta la ń tọ́jú rẹ̀, lẹ́yìn náà a ó pa á rẹ́. Ẹ má sì gba fídíò tó ti parí lórí WhatsApp kí ẹ tún gbé e sórí YouTube, torí WhatsApp ti fún un pọ̀, yóò ṣe bàìbàì. Ẹ gbà á láti orí ìlujá (link) tí a fi ránṣẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ wọ inú ọjọ́ yíyà tó ń bọ̀, kí ìwé rẹ̀ ti dé ọwọ́ wa ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú. Bí kíkọ bá le fún yín, ẹ pè mí lálẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ máa sọ ọ́, èmi á máa kọ ọ́. Ìyá alámàlà Mókọ́lá ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. A ti bá ẹlẹ́rọ ìlọta sọ̀rọ̀ pẹ̀lú: ó ní òun ò ní tan ẹ̀rọ títí di aago mẹ́sàn-án, tí a bá lè ya tòun náà.

Èmi ni tiyín,
Àǹtí oní-fídíò, Ìbàdàn