Kọnkéré nìkan kọ́ ni ilé ààbò

Sí Olóòtú,

Àpilẹ̀kọ yín lórí àwọn ilé ààbò abẹ́ ilẹ̀ ní Switzerland dùn ún kà, àmọ́ ó sọ̀rọ̀ bí ẹni pé tí ògiri bá ti nípọn, ó parí. Láti ìgbà òfin 1963 ni wọ́n ti ń kọ́ wọn káàkiri, báàrì 1 sì ni agbára ìbúgbàù tí ti ará ìlú gbọ́dọ̀ gbà: nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 10 lórí mítà kan níbùú lóròó. Kọnkéré tí irin rẹ̀ pé á gbé e. Àwọn ẹrù inú rẹ̀ ni ká bẹ̀rù fún. Bí ìbúgbàù bá tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, gbogbo ilé náà á jábọ́ lójijì. Bí fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé bá sì já kúrò lára ògiri, àwọn tó sá wọ ibẹ̀ ò lè pẹ́ nínú rẹ̀.

Ẹ̀rọ tó rọrùn jù láti fi dán irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wò ni tábìlì irin tí wọ́n ń gbé sókè, tí wọ́n sì ń jù sórí rọ́bà. Láti sẹ̀ǹtímítà 5, eré rẹ̀ á tó mítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá. Bí rọ́bà bá dá a dúró láàárín mìlísẹ́kọ́ǹdì 10 láìta padà, ìgbọ̀nrìrì náà á ga tó ìlọ́po 16 òòfà ilẹ̀ ní góńgó rẹ̀. Bó bá ta padà, eré ìtapadà náà á kún un.

Ọ̀pọ̀ ń kọ "16" sílẹ̀ láìkọ àkókò rẹ̀. Òòlù lè mú 16 wá fún mìlísẹ́kọ́ǹdì 1, ṣùgbọ́n eré inú rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá péré. Rọ́bà náà sì ń le bó ṣe ń gbó, nítorí náà kí wọ́n fi sẹ́ńsọ̀ wọn gbogbo ìjùsílẹ̀.

Àṣìṣe tó burú jù ni ti ìhà tí agbára ń bá wá. Tábìlì tó jábọ́ ń ti ẹrù mọ́ ara rẹ̀ ni, nígbà tó jẹ́ pé ìbúgbàù ń fa ilẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹrù, bóòtù tó de ẹrù mọ́lẹ̀ ló sì ń jẹ ìyà. Kí wọ́n gbé ẹrù kọ́ sábẹ́ tábìlì ní ìdoríkodò. Bátìrì olómi kò ṣeé dorí kodò. Tirẹ̀ nílò tábìlì tí sípíríǹgì ń fà wálẹ̀. Inú kọnkéré gan-an ni kí wọ́n sì gbẹ́ ihò bóòtù sí, kí wọ́n má jó o mọ́ irin, torí bóòtù tó fà yọ ló pọ̀ jù nínú ohun tí à ń rí.

Kí fáànù máa yí nígbà ìdánwò, kí wọ́n sì fi ọwọ́ yí i lẹ́yìn ìdánwò náà. Bí abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ bá ń ha ara àpótí rẹ̀, ó ti kùnà, bí ohunkóhun ò tilẹ̀ fọ́.

Oníṣẹ́ ẹ̀rọ, Ìbàdàn